Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta Ni A Sin Nkrumah

Àwọn àgbà a máa wí pé ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ti Ọ̀mọ̀wé Kwame Nkrumah yàtọ̀. Ó ṣojú ẹ̀mí rẹ̀ tí a gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní Accra. Ó sì ṣojú ẹ̀mí rẹ̀ náà tí a wó o lulẹ̀, nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1966. Ìrìn àjò ni ó wà ní ilẹ̀ Ṣáínà lọ́jọ́ náà, kò sì tún fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gánà mọ́ láàyè.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ó kú ní Bucharest, olú-ìlú Romania. Conakry ni a kọ́kọ́ sin ín sí, ní ilẹ̀ Gínì, níbi tí Ààrẹ Sékou Touré ti gbà á sílé láti ìgbà tí a ti lé e lórí oyè. Ṣùgbọ́n àjò kò dùn kí onílé má relé. Ní oṣù keje ọdún náà, ìjọba Ọ̀gágun Acheampong gba òkú rẹ̀ padà, a sì sin ín sí Nkroful, ìlú tí a gbé bí i. Lẹ́yìn ogún ọdún, ìjọba Rawlings gbé e wá sí Accra, sínú ibojì ńlá tí a ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1992, lórí pápá tí ó ti kéde òmìnira ní ọdún 1957.

Síbẹ̀, ojú tí Accra fi ń wo ibojì yìí kọ́ ni gbogbo ènìyàn fi ń wò ó ní Ashanti New Town. Kumasi ni a ti dá ẹgbẹ́ National Liberation Movement sílẹ̀ ní ọdún 1954 láti takò ó. Kumasi kan náà ni ìjọba rẹ̀ ti mú Alhaji Amadu Baba, Sarkin Zongo, tí ó lé e lọ sí Nàìjíríà ní ọdún 1957. Ọ̀mọ̀wé J. B. Danquah sì kú sínú ẹ̀wọ̀n Nsawam ní ọdún 1965.

Ǹjẹ́ ère tí a wó mú ìwà náà kúrò bí? Rárá o. Ní ìparí ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Busia, alátakò Nkrumah, pàṣẹ kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kó jáde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀ ní Kumasi àti káàkiri Gánà. Ohun tí Nkrumah fi ṣe ẹni díẹ̀, ọ̀tá rẹ̀ fi ṣe ogunlọ́gọ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe òkúta dídán ibojì náà ni ó wù wá jù. Ère tí a wó ní ọdún 1966 wà nínú ọgbà náà láìlórí, orí rẹ̀ sì dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn kò gbé e pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ìtàn rí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má ṣe kọ́ àwọn ọmọ ní ìdajì. Ẹ sọ fún wọn pé Nkrumah já ìdè òyìnbó, kí ẹ sì sọ pé ó de àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwa tí a ní ibojì Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí a ti ń bọlá fún akọni láìbo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí a sì máa bá aṣáájú wí nígbà tí ó ṣì lè gbọ́.