Ọwọ́ Ara Ẹni Ni Kí A Fi De Ẹ̀rọ Atukọ̀

"Iṣẹ́ oníṣẹ́ ni, fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n." Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn àgbà fi ń lé àwa ọmọdé kúrò nídìí ẹ̀rọ. Mo ti gbà á gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọkọ̀ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gun òkìtì ẹrẹ̀ ní ẹnu odò Medway, n kò gbà á gbọ́ mọ́.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi, apẹja etí ọ̀sà sì ni bàbá tiwọn. Ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí à ń gbé, wọ́n ra ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan tó ti gbó. Àwa méjì péré la máa ń wọ̀ ọ́. Bí ẹnì kan bá ń ta ìgbòkun, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ di ọ̀pá ìtọ́kọ̀ mú. Nítorí náà bàbá mi ra ẹ̀rọ atukọ̀, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní autopilot, wọ́n sì sanwó fún oníṣẹ́ kan láti dè é. Ó dè é, ó gba owó rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. A kò bi í ní ìbéèrè kankan.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, a tan ẹ̀rọ náà, a fẹ̀yìn tì. Lójijì, atẹ́gùn líle fẹ́. Ẹ̀rọ náà ké, ó sì kú. Bàbá mi di ọ̀pá ìtọ́kọ̀ mú, kò mì: apá ẹ̀rọ tó ti kú náà ti há a mọ́bẹ̀. Ọkọ̀ ń yà lọ sí ìdí òkìtì ẹrẹ̀. Bàbá mi ń tẹ bọ́tìnnì kiri, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ìgbà náà ni mo rí i pé orí ìṣó kékeré kan lásán ni apá ẹ̀rọ náà fi kọ́. Mo gbé e sókè, ó yọ. Bàbá mi yí ọkọ̀ padà. Ohun tí kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọkọ̀ wa jẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ ìdí ẹ̀rọ náà nínú àwa tó wà lórí omi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a tú gbogbo rẹ̀, a ka ìwé ìlò rẹ̀, a sì tún un dè. Mo rí i pé kò sí awo kankan níbẹ̀. A kọ́kọ́ yọ wáyà kúrò lórí bátìrì. A wọn sẹ̀ńtímítà 46 láti ibi tí ìtọ́kọ̀ ti ń yí dé ibi tí ìṣó náà yóò wà, gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí. Bí ó bá sún mọ́ jù, ọkọ̀ á máa rìn bí ọ̀mùtí; bí ó bá jìnnà jù, kò ní yí tó. A wá rí ohun tó pa ẹ̀rọ náà: wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí oníṣẹ́ náà fà láti ara iná inú ọkọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣe iṣẹ́ agbára, iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tó o. A fa wáyà tó nípọn tààrà láti ìdí bátìrì, a sì fi fíúùsì tirẹ̀ sí i. Inú ẹ̀rọ náà ni kọ́ńpáàsì rẹ̀ wà, òòfà sì ń bẹ nínú gbohùngbohùn rédíò, nítorí náà a gbé rédíò jìnnà sí i.

Àwọn kan á ní, "Ṣé gbogbo iṣẹ́ ni ènìyàn á fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe?" Rárá. Gáàsì ìdáná inú ọkọ̀, tàbí ihò lílu sí abẹ́ ọkọ̀ níbi tí omi wà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a ó fi ẹ̀mí wa lé lọ́wọ́, tí kò sì sí oníṣẹ́ tí a lè pè nígbà tí ó bá bàjẹ́, ó yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀.

Àwọn àgbà inú iṣẹ́ yìí mọ èyí. Ní 1960, ènìyàn márùn-ún díje, tí kálukú dá tukọ̀ láti Plymouth lọ sí New York. Francis Chichester fi ọjọ́ 40 gba ipò kìíní, Blondie Hasler sì ṣe ìkejì. Àwọn fúnra wọn ló ronú kan ohun èlò tó ń bá wọn tukọ̀, tí atẹ́gùn ń darí. Ní 1968, Robin Knox-Johnston gbéra ní Falmouth láti yí ayé po láìdúró. Tirẹ̀ bàjẹ́ pátápátá ní agbègbè Ọsirélíà. Kò padà sílé. Ó mọ bí a ti ń to ìgbòkun kí ọkọ̀ lè máa lọ fúnra rẹ̀, ó sì gúnlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 312.

Ohun kan tún wà. Ẹ̀rọ atukọ̀ kò lójú. Òfin ojú omi gbogbo ayé sọ pé kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ń ṣọ́nà nígbà gbogbo. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ de ẹ̀rọ náà mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tí wọ́n bá dè é ló ń sùn lé e lórí.

Bàbá mi sọ pé bàbá tiwọn máa ń wí pé apẹja tí kò mọ àwọ̀n tún ṣe, ọjọ́ tí àwọ̀n rẹ̀ bá ya ni yóò di alágbe. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a tú ẹ̀rọ ní kíláàsì, kí a tún un tò. Ẹ̀yin òbí, bí oníṣẹ́ bá dé, ẹ má lé wa wọlé. Ẹ jẹ́ kí a bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ọmọ tí ẹ lé kúrò nídìí ẹ̀rọ lónìí, òun náà lè ni ẹnì kan ṣoṣo tó wà pẹ̀lú yín nígbà tí ẹ̀rọ bá kú lọ́la.