Ẹ̀tọ́ Ìyá Ọlọ́mọ Kì Í Ṣe Ẹ̀bẹ̀
Inú máa ń bí mi gan-an bí ìyá ọlọ́mọ bá padà sẹ́nu iṣẹ́, tí omi ọmú ti rin bùláòsì rẹ̀, tó lọ bá ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kóun ráyè fọ́mọ lọ́mú, tí wọ́n ní kó lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kẹ̀? Abala 54 nínú òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ti fún un ní ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárín àsìkò iṣẹ́! Àwọn tó yẹ kó ka òfin yìí sétí ọ̀gá ló ń gbè sẹ́yìn ọ̀gá. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fẹnu lásán sọ ọ́ mọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ẹ dárúkọ abala náà, kí wọ́n sì buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín.