Ta Ni Ó Jẹ̀bi Ògiri Tí Ó Lanu?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ògiri ilé tuntun bá lanu, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé bíríkìlà ni ó ṣe iṣẹ́ jákujàku. A kò fara mọ́ ọn. Bíríkìlà kọ́ ni ó ń ra sìmẹ́ǹtì. Òun kọ́ ni ó ń pàṣẹ pé kí a bu yanrìn kún un títí búlọ́ọ̀kù yóò fi máa rún mọ́ni lọ́wọ́. Òun kọ́ ni ó ní kí a tú pákó ìdí dẹ́kì kí kọnkéré tó le. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Agbaṣẹ́ṣe tí ó gba owó omi, tí ó wá fi itọ́ mọlé, ni ó jẹ̀bi.

Àwọn kan yóò bèèrè pé: kí ló dé tí bíríkìlà kò kọ̀? Ẹni tí ó ń gba owó òòjọ́, tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, tí kò sì ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn, bí ó bá kọ̀ láàárọ̀, ẹlòmíràn yóò gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án.

Bẹ́ẹ̀ ni àwa ni a sì ń kú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí a ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí. Àwọn tí ó kú lé ní 40; òṣìṣẹ́ pọ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2024, ilé ìwé kan wó ní Jọ́ọ̀sì. Ẹ̀mí 22 ni ó bá a lọ.

Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tí ó bá fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́lé, kí ó gba ìwé àdéhùn. Kí ó máa sanwó bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ, kí ó sì dá díẹ̀ dúró títí òjò ọdún kan yóò fi rọ̀ sórí ilé náà. Bí àbùkù bá yọ, kí ó ya fọ́tò rẹ̀, kí ó kọ lẹ́tà sí agbaṣẹ́ṣe. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún un ní ẹ̀tọ́ láti ní kí a tún iṣẹ́ náà ṣe, tàbí kí a dá apá tí ó tọ́ nínú owó rẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ owó àtúnṣe náà nínú owó iṣẹ́ lébìrà. Ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ wọ ẹgbẹ́. Ẹnìkan ṣoṣo kò lè kọ sìmẹ́ǹtì burúkú. Gbogbo wa lápapọ̀ lè kọ̀ ọ́.