Ilé Ni Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Fún Wọn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ta ni yóò rántí lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lábẹ́ afárá? Nínú ìkànìyàn alẹ́ kan ní ọdún 2010, àwọn ológun fẹ̀yìntì tí kò nílé ní Amẹ́ríkà lé ní 74,000. Ní 2024, wọ́n ti dín sí bíi 33,000. Ètò HUD-VASH wà lára ohun tó fà á: ìjọba ń bá wọn san lára owó ilé, òṣìṣẹ́ ìlera sì ń tọ̀ wọ́n lọ síbẹ̀. Wọn kì í ní kí èèyàn kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ọtí kó tó gba kọ́kọ́rọ́. Àwọn kan ní àkẹ́bàjẹ́ nìyẹn. Èmi kò gbà. Ẹni tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí ìlú kò yẹ lẹ́ni tí yóò máa tọrọ ibùsùn. Kí ilé ṣáájú. Oògùn yóò tẹ̀lé e.