Ta Ló Lè Ṣàlàyé Rẹ̀ fún Màmá Àgbà?



Ìdíje la gbé dé lọ́tẹ̀ yìí. Ó dá lórí iṣẹ́ tí òyìnbó ń pè ní information architecture. Richard Saul Wurman, ayàwòrán-ilé ará Amẹ́ríkà, ló sọ orúkọ yìí di mímọ̀ láti àwọn ọdún 1970. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Kò ju kí á to ìmọ̀ kalẹ̀ kí ẹni tó ń wá a lè tètè rí i.

Orúkọ yẹn ló jẹ́ tuntun, iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí wa. Lọ́jà nílé, aláta ń jókòó ti aláta, aláṣọ ti aláṣọ. Ẹ̀sìn yòówù kí á máa ṣe, ẹ wo odù Ifá: ojú odù 16, ọmọ odù 240, gbogbo rẹ̀ 256. Abẹ́ odù kọ̀ọ̀kan ni ẹsẹ tirẹ̀ wà. Láìsí ìwé, ẹni tó kọ́ ọ mọ ibi tí yóò ti wá ọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé Ìlú Ọba ń lo nọ́ńbà tí Melvil Dewey gbé jáde ní 1876. Nínú 600 ni 640 wà, ìtọ́jú ilé nìyẹn. Nínú rẹ̀ ni 641 wà, oúnjẹ àti ohun mímu. 641.5 ni oúnjẹ sísè. Ó dà bí ìgbà tí a ń júwe ilé: ìlú, àdúgbò, agbo ilé, kó tó kan yàrá.

Ó kàn yín, ẹ̀yin ọmọ ọdún 7 sí 15. Ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀bù kan ní Rye Lane, tàbí Peckham Library tí wọ́n ṣí ní 2000, tàbí ilé ìdáná Mọ́mì. Báwo ni wọ́n ṣe to nǹkan ibẹ̀? Kí ló fà á? Ẹ fi àwòrán, àlọ́ tàbí orin ṣàlàyé. Òfin kan ló wà: Yorùbá ni o, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún Màmá Àgbà lórí fóònù. Bí wọ́n bá ní, "Kí lo wí?", ẹ tún un ṣe. Bí wọ́n bá ní, "Ó yé mi," ẹ fi ránṣẹ́ sí wa.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló mọ̀wé, ṣùgbọ́n tí wọn ò lè sọ ohun tí wọ́n mọ̀ fún ìyá tó bí bàbá wọn. Ẹ má bá wọn kọ ọ́ o. Ẹ kàn fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá béèrè. Ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ní í bá àgbà jẹun.

Ó dàbọ̀ ná. À ń retí yín.