Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́ Ṣeré Nílé Ìwé

Jẹ́lé-ó-sinmi ni àwa Yorùbá ń pe ilé ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Orúkọ náà fi ohun tó wà lọ́kàn òbí hàn: kí ọmọ kúrò nílẹ̀, kí ilé rójú, kí ìyá lè tètè dé ọjà Ọba, kí bàbá lè ṣí ṣọ́ọ̀bù ní New Benin tàbí Uselu. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn. Ẹni tó bá wá oúnjẹ wá sí ìlú onílùú kò gbọdọ̀ fọwọ́ lẹ́rán. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin èèyàn wa ní ìlú Bìní, ó tó àsìkò ká bi ara wa pé nígbà tílé bá ń sinmi, kí ni ọmọ ń ṣe níbi tá a gbé e lọ?

Ohun tí à ń rí ní ọ̀pọ̀ ibi kò dùn mọ́ wa. Ọmọ ọdún méjì, ọmọ ọdún mẹ́ta, wọ́n á tò wọ́n jókòó bí àgbà tó wá ṣèpàdé, wọ́n á fi pẹ́ńsù lé wọn lọ́wọ́, wọ́n á ní kí wọ́n kọ A, kí wọ́n kọ B. Èyí tó bá dìde, wọ́n á jágbe mọ́ ọn. Ká sọ òótọ́, kì í ṣe tíṣà nìkan ló jẹ̀bi. Àwa òbí la máa ń yẹ báàgì ọmọ wò nírọ̀lẹ́. Tá ò bá bá iṣẹ́ àmúrelé níbẹ̀, a ó ní owó wa ti wọgbó. Bí a bá gbọ́ pé eré ni ọmọ ṣe látàárọ̀, a ó mú un lọ sí ilé ìwé tó wà ní àdúgbò kejì. Onílé ìwé tí kò fẹ́ kí oníbàárà òun lọ, kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe?

Bẹ́ẹ̀, eré yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Ọwọ́ ọmọ ọdún méjì kò tíì lágbára tó láti di pẹ́ńsù mú dáadáa. Kí ọwọ́ náà tó gbó, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bu yanrìn, kó da omi láti inú ife kan sí òmíràn, kó po amọ̀, kó ya bébà. Ọmọ tó ń to agolo mílíìkì lérí ara wọn ń kọ́ nípa gíga àti kúkúrú. Nígbà tó bá wó, tó tún un tò, sùúrù ló ń kọ́. Èyí tó ń ṣa abọ́ rọ́bà pupa sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó funfun ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Èyí tó ń pàtẹ́wọ́ sí orin tíṣà ń kọ́ bí a ṣe ń fetí sílẹ̀ àti bí a ṣe ń dúró de ẹnì kejì. Kò sí èyí tó gba owó ńlá nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àrà tuntun. Ní 1837, Friedrich Froebel, ará Jámánì, dá ilé ìwé ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀, eré àti orin ló sì fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní 1907, dókítà obìnrin kan, Maria Montessori, ṣí ilé àwọn ọmọdé ní àdúgbò àwọn tálákà ní Róòmù, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ẹ̀kọ́. Orúkọ rẹ̀ wà lára pátákó ilé ìwé púpọ̀ lónìí, àmọ́ ìṣe rẹ̀ kò sí nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì. Kó tó di pé a gbọ́ orúkọ àwọn wọ̀nyí, bojúbojú, òkòtó àti àlọ́ làwọn baba ńlá wa fi ń la ọmọ lójú.

Àwa tá a wà nílùú onílùú tún ní ìdí mìíràn tí ọ̀rọ̀ yìí fi yẹ kó ká wa lára. Ìdí náà ni èdè wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ni ní ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e: Gẹ̀ẹ́sì ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Èdè àwọn ará ìlú tí ilé ìwé wà ni ìlànà 2022 ní kí wọ́n lò. Ní Bìní, èdè Ẹ̀dó nìyẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Yorùbá àwọn ọmọ wa kò sí lọ́rùn ìjọba rí, ọrùn wa ló wà. Ìjọba lè sọ èdè tí tíṣà yóò fi kọ́ni, kò sọ èdè tí ìyá yóò fi pa àlọ́. Ọmọ kékeré lè gbọ́ Yorùbá, Ẹ̀dó àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ láìsí ewu kankan, bí ó bá ti ń fi wọ́n ṣeré.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé ìwé, ẹ gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ẹ wá ẹní, yanrìn tó mọ́, omi, àti agolo tí etí rẹ̀ kò mú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kéékèèké o. Ohun tó bá lè wọ inú páálí tí wọ́n yí tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ lè há irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́fun. Ọmọ ayò àti bọ́tìn kò yẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí àgbàlagbà má sì kúrò nídìí omi.

Ẹ̀yin òbí, ẹ yé bi tíṣà pé kí ni ọmọ kọ. Ẹ bi í pé kí ló fi ṣeré, ta ló bá ṣeré, ọ̀rọ̀ tuntun wo ló sọ. Lálẹ́, ẹ pa àlọ́ kan fún un ní Yorùbá kó tó sùn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, àwọn ìyá àgbà wà láàárín wa tí àlọ́ kún ikùn wọn. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jọ wọ́n lójú níbi ìpàdé oṣooṣù, dípò kí àwọn ọmọ máa sùn lábẹ́ àga.

Láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Nígbà tí sáà tó ń bọ̀ bá wọlé, ẹ yà wo kíláàsì tí ọmọ yín wà. Bí ẹ bá bá wọn nínú ẹ̀rín àti ariwo, tí yanrìn kún ọwọ́ wọn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà, kẹ́ ẹ sì tètè san owó ilé ìwé.