Ẹnubodè Kì Í Ṣe Ti Awọkọ̀-Òfuurufú Nìkan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí á máa pa làpálàpá. Òwe yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí a ń wo bí ayé ṣe ń dá ọ̀nà kíákíá sílẹ̀ fún àwọn tí ń kọjá ẹnubodè lemọ́lemọ́. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2008 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní Global Entry. Ẹni tí ìjọba bá ti wádìí rẹ̀ fínnífínní, tí wọ́n ti ya àmì ìka ọwọ́ rẹ̀, tí ó sì san 120 dọ́là fún ọdún márùn-ún, kì í tò sórí ìlà gígùn mọ́. Ẹ̀rọ ni yóò wo ojú rẹ̀, yóò sì kọjá. Nílẹ̀ tiwa náà, láti ọdún 2024 ni Ìjọba Àpapọ̀ ti ń gbé ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kalẹ̀ sí àwọn pápákọ̀ òfuurufú ńlá, bíi ti Èkó àti Abuja, kí ọmọ Nàìjíríà tí ó ń ti òkè òkun bọ̀ má baà dúró pẹ́.

A kò bá ìjọba wí nítorí èyí. Ohun rere ni, ó sì yẹ kí á yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kò lè ṣàì bi wọ́n: ta ni ó ń kọjá ẹnubodè ilẹ̀ wa jù lọ? Ṣé ẹni tí ó ń wọkọ̀ òfuurufú lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni, àbí ìyá tí ó ń gbé èlùbọ́ tàbí aṣọ òfì lọ sí ọjà ní òdìkejì, tí ó sì ń padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí?

Ẹni tí ó bá gun òkè Adó-Àwáyè, tí ó dúró lẹ́bàá adágún Ìyàkẹ́, tí ó sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, apá ibi tí ilẹ̀ Ṣábẹ àti Kétu wà ni ó kọjú sí. Ọlọ́run kò mọ odi sí àárín. Ní ìlú Paris, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1889, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé jókòó tí wọ́n fi ìlà pín ilẹ̀ náà, kò sì sí ọba Yorùbá kan tí wọ́n pè sí ìjókòó náà. Láti ìgbà náà ni ìyá ti wà ní Nàìjíríà tí ọmọ wà ní Dàhòmì, èyí tí ó ń jẹ́ Bẹ̀nẹ̀ láti ọdún 1975. Orúkọ ìlú yí padà, èdè ìjọba yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìbátan kò já, ọjà kò sì tú.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òfin kò sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, ní Dakar, ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè inú ẹgbẹ́ ECOWAS fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn, kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà, bí ó bá ti ní ìwé ìrìnnà tí ó péye àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn èèyàn wa ní Òkè-Ògùn mọ ohun tí ó sún àwọn olórí náà dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò tíì gbàgbé oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Àwọn tí wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n ti bímọ, padà wálé pẹ̀lú ohun tí orí lè rù. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò tó, nítorí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn àdéhùn Dakar, ní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ọmọ Gánà jáde. Ẹni tí a lé kò gbàgbé; ẹni tí ó lé ni kò yẹ kí ó gbàgbé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nítòsí tún hàn gbangba. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n ní kí a má gbé epo bẹntiróòlù dé ilé epo kankan tí ó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, Sẹ̀mẹ̀, Illela, Maigatari àti Mfun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n fi Ìdíròkò, Jibiya, Kamba àti Ikom kún un. Nínú orúkọ mẹ́jọ wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ti Òkè-Ògùn. Àwọn onífàyàwọ́ mọ ọ̀nà inú igbó. Olóòótọ́ ọlọ́jà ni ó jókòó sílé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ètò kíákíá kò bá ẹnubodè inú igbó mu, pé ti pápákọ̀ òfuurufú ni. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1995, ní Otay Mesa, níbi tí California ti pààlà pẹ̀lú Mẹ́síkò, ni Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ ètò SENTRI fún àwọn tí ń fi mọ́tò kọjá lójoojúmọ́. Orí ilẹ̀ ni, kì í ṣe òfuurufú. Nílé wa níhìn-ín, àwọn olórí ECOWAS fẹnu kò ní ọdún 2014 lórí káàdì ìdánimọ̀ tí ó ní àmì ìka ọwọ́ nínú, tí ènìyàn lè fi rìnrìn àjò dípò páásípọ́ọ̀tù. Sẹ̀nẹ̀gàl sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2016. Ní Sẹ̀mẹ̀, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni ilé ìṣọ́bodè àpapọ̀ ti wà, níbi tí ó ti yẹ kí òṣìṣẹ́ Nàìjíríà àti ti Bẹ̀nẹ̀ jọ jókòó sábẹ́ òrùlé kan, kí arìnrìn-àjò má baà dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ìmọ̀ wà, àpẹẹrẹ sì wà. Ohun tí ó kù ni kí ó dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù.

A gbọ́ ohun tí àwọn aláàbò ń sọ. Wọ́n ní ajínigbé, afìbọn-ṣòwò àti onífàyàwọ́ ń gba ẹnubodè wọlé. Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tí ó ń gbé Òkè-Ògùn tí yóò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ṣùgbọ́n nítorí èyí gan-an ni a fi ń sọ̀rọ̀. Bí òṣìṣẹ́ márùn-ún bá ń fi gbogbo ọjọ́ tú ẹrù ìyá elélùbọ́ tí wọ́n ti mọ̀ láti ọdún mẹ́wàá, ta ni yóò wo àjèjì tí ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀? Ẹni tí a ti wádìí, tí a ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ni kí á jẹ́ kí ó kọjá, kí ojú lè wà lára ẹni tí a kò mọ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, níbi tí ìdádúró bá ti pọ̀, ibẹ̀ ni rìbá ti ń gbilẹ̀. Ọ̀nà tí ó bá yá kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ń na ọwọ́.

Nítorí náà ni a ṣe ń rọ Ìjọba Àpapọ̀ àti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sí nǹkan mẹ́rin. Èkíní, kí wọ́n gbé ibi ìforúkọsílẹ̀ fún káàdì ECOWAS wá sí Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, kí ará Adó-Àwáyè má baà ná owó ọkọ̀ dé Ìbàdàn nítorí káàdì kan, kí owó rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ọlọ́jà lè san. Èkejì, kí ẹ̀rọ tí ń ka káàdì náà wà ní àwọn ẹnubodè Òkè-Ògùn, kí ọ̀nà kan sì wà fún àwọn tí ń kọjá lemọ́lemọ́, tí ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti àwọn ọba wa lè jẹ́rìí sí. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n kọ iye tí ó tọ́ láti san, àti ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni san, sí ara pátákó ní èdè Yorùbá, Ìbàrìbá àti Faransé. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n bá ìjọba Bẹ̀nẹ̀ jókòó, nítorí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ilẹ̀kùn tí a ṣí ní ìhà kan, tí a tì ní ìkejì, ògiri ni.

A ní ọ̀rọ̀ fún àwọn èèyàn wa pẹ̀lú. Káàdì ìrìnnà kì í ṣe ohun tí à ń yá ènìyàn. Ẹni tí ó bá fi tirẹ̀ bo ìrẹsì fàyàwọ́ tàbí àlejò tí kò mọ̀ rí mọ́lẹ̀, ilé gbogbo wa ni ó ń jó. Kí a gba káàdì náà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí òfin sì mú un.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ ECOWAS. Ẹgbẹ́ tí mẹ̀kúnnù kò bá rí èrè rẹ̀ lójú ọ̀nà, kò ní ẹni tí yóò sunkún lé e lórí bí ó bá tú. Kí ìjọba jẹ́ kí ìyá elélùbọ́ mọ èrè tirẹ̀. Ọ̀nà kíákíá tí wọ́n ti là fún awọkọ̀-òfuurufú, kí wọ́n là á dé ẹsẹ̀ òkè Adó.